Sọ́mà Lọ́ńdọ̀nù Kì Í Ṣe Ẹ̀ẹ̀rùn Ìkòròdú: Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Di Ẹrù, Ẹ Fara Balẹ̀ O!

Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, tí oṣù keje ń yọjú, ó ṣòro kí àdúgbò kan wà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ kò ti ní gbọ́ pé ẹnì kan ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àgbà gba físà, ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Peckham, ó ń lọ wẹ ọmọ. Bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ní kó wá fi oṣù méjì sinmi lọ́dọ̀ àwọn. Oníṣòwò kan fẹ́ lọ wo ọjà, ó sì fẹ́ gba ibẹ̀ jẹ ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ àkókò yìí ni gbogbo wọn ń ya lọ, ìdáhùn kan náà ni: sọ́mà ni, ooru ń mú lọ́hùn-ún.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sọ́mà yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ooru ń mú ní Lọ́ńdọ̀nù, ooru Ìkòròdú ni yóò fi ọkàn rò, ooru oṣù kejì tí páànù orí ilé ń dún pàú-pàú, tí baálé ilé á gbé ẹní rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ló bá di léèsì sínú àpótí, ó di àǹkárá, ó di bùbá alápá péńpé, ó fi sálúbàtà méjì lé e. Ó di ìdájí ọjọ́ kejì ní pápákọ̀ òfúrufú Heathrow, wọ́n ní kí wọ́n máa jáde síta, atẹ́gùn kan ṣoṣo fẹ́ sí màmá lára, eyín ń gbá eyín. Màmá ń gbọ̀n bí ọmọ adìẹ tí òjò pa. Ọmọ tó wá pàdé rẹ̀ níláti bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fún un, òun náà wá ń gbọ̀n. Àbí irú ìkíni kú àbọ̀ wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́ kó lè yé wa. Oṣù keje ni oṣù tó móoru jù lọ́dún wọn. Ibi tí ooru ọ̀sán sábà máa ń dé ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù náà kò ju nǹkan bí 23 tàbí 24 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó lè já wálẹ̀ sí 14. Ní Ìkòròdú, ìwọ̀n 23 yẹn, òru la máa ń rí i, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí ìyá àgbà bá ti nawọ́ fa aṣọ ìbora. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sán gangan tí òyìnbó ń bọ́ra sílẹ̀ lórí koríko, tó ń lá áísìkíríìmù, tó ń pariwo pé ooru fẹ́ pa òun, òun kan náà ni òru tí àwa ń wá ìbora sí.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má tíì sáré lọ ra kóòtù onírun o! Nítorí pé sọ́mà yẹn náà lè yíjú padà, kó sì gbóná ju Ìkòròdú lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ní Coningsby ní àgbègbè Lincolnshire, ooru dé 40.3. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò kọjá 40 láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ooru ba apá kan ojú ibi tí bàálù ń gbà balẹ̀ jẹ́ ní pápákọ̀ Luton, wọ́n sì dá bàálù dúró fún wákàtí bíi mélòó kan. Ní Wennington, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, iná mú koríko gbígbẹ, ó sì jó ilé àwọn èèyàn. Ilé wọn kò dà bí ilé tiwa tí fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Wọ́n kọ́ ọ kó lè há ooru mọ́ra nítorí òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá wà ní àjà kẹta nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹja tó wà lórí àgbá ni. Nígbà tí wọ́n ṣírò ooru ọdún 2022 yẹn tán, àwọn àgbàlagbà tó kú ní England lásìkò ooru náà fi iye tó lé ní 2,000 ju iye tí wọ́n ń retí lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2021, òjò ló rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí omi fi wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iléèwòsàn Whipps Cross àti ti Newham kò ríbi sá sí, omi dà wọn láàmú. Oṣù keje ni, oṣù keje náà ni. Ọdún kan omi, ọdún kejì iná. Ẹ wá sọ aṣọ tí ìyá àgbà ìbá dì fún wa.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Àwọn bàbá wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1976 ṣì ń sọ ọ̀dá ọdún náà. Òjò kọ̀, omi ń tán, ó di pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà kan, Denis Howell, ní ìparí oṣù kẹjọ kó máa mójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀dá. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yàn án, òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀. Ká ní Ìkòròdú ló ti ṣẹlẹ̀ ni, àwọn èèyàn ì bá ní bàbá náà mọ nǹkan kan nípa òjò, wọn ì bá sì máa wá a kiri fún ìnáwó, bóyá yóò lè bá wọn so ó rọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé, nínú gbogbo ọmọ Yorùbá, ará Ìkòròdú àti ará Ẹ̀pẹ́ kọ́ ló yẹ kí ojú ọjọ́ máa tàn jẹ. Ọmọ ọ̀sà ni wọ́n. Ẹ lọ sí èbúté Ìpakodò láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Oòrùn lè ti yọ, kí ọ̀sà tẹ́jú bí àwo, síbẹ̀ ìyá ọlọ́jà á ti ká láílọ́ọ̀nù ńlá kan sínú apẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì á ti ki bàtà aláwọ sínú báàgì, sílípáàsì ló máa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn níléèwé. Wọ́n ti mọ̀ pé oòrùn àárọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀.

Bákan náà ló rí ní Ẹ̀pẹ́. Apẹja tó bá rí i tí ojú sánmà ń dúdú lápá ibì kan, tí atẹ́gùn yí padà lójijì, kò ní dúró jiyàn, á ká àwọ̀n, á kọjú ọkọ̀ sí ilé. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo mọ ọjọ́ tí wọ́n lè sá ẹja àti ọjọ́ tó jẹ́ pé orí iná nìkan ni ìgbàlà wà. Òjò ilẹ̀ Èkó ní ètò tirẹ̀: oṣù kẹfà ló máa ń pọ̀ jù, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì bìréèkì, á tún padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ọjọ́ ìgbéyàwó sí Ọ́gọ́ọ̀sì bìréèkì rí, tí òjò wá fọ ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Ká tiẹ̀ wò ó, àárín Ẹ̀pẹ́ àti òyìnbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó fi ìbọn inú ọkọ̀ ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ní ọdún 1854, Benjamin Campbell tó jẹ́ aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Ẹ̀pẹ́. Nínú ọdún 1854 kan náà ni ìjọba wọn nílé dá iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Met Office títí dòní. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún báyìí tí wọ́n ti ń wo sánmà, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ òyìnbó kan kò jẹ́ jáde nílé láìgbọ́ ohun tí iléeṣẹ́ náà wí lọ́jọ́ yẹn. Bí onílé kò bá fọkàn tán ojú ọjọ́ ilé rẹ̀, kí ni àlejò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé?

Nítorí náà, ẹni tó ń di ẹrù, kó má dì í fún oṣù o, kó dì í fún ọjọ́ kan ṣoṣo tó ní àárọ̀ tútù, ọ̀sán gbígbóná, òjò ìrọ̀lẹ́ àti atẹ́gùn òru. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ nǹkan kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbogbo wa: agbòòrùn ni nígbà tí oòrùn bá ń pani, agbòjò ni nígbà tí òjò bá dé. Nǹkan kan náà ni, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ohun tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ méjì nínú báàgì, ẹ jàre, ẹ bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Aṣọ lórí aṣọ bíi ti eégún ló gbà á. Síńgílẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́, bùbá tàbí ṣẹ́ẹ̀tì lé e, súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ìyẹn, kí jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í gbà wọlé wá wà lókè pátápátá. Bí oòrùn bá ràn, ẹ bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣú, ẹ gbé e wọ̀ padà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dára ju níníipọn kan lọ, torí pé kóòtù níníipọn kan, ẹ kò lè bọ́ ìdajì rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní ohun tó tún ju ti òyìnbó lọ, ìyẹn ìborùn. Èèyàn lè fi bo orí nígbà tí atẹ́gùn bá ń jà, ó lè tẹ́ ẹ lé orúnkún nínú bọ́ọ̀sì, ó lè fi bo ọmọ tuntun lẹ́yìn, ó sì lè ká a sábẹ́ orí nínú bàálù. Kí wọ́n mú méjì, kódà kí wọ́n mú mẹ́ta.

Léèsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má mú léèsì. Sọ́mà ni àwọn èèyàn wa lọ́hùn-ún ń ṣe ìnáwó jù, ẹni tó bá dé ibẹ̀ láìní aṣọ òde, ẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n ihò ló pọ̀ lára léèsì, atẹ́gùn sì mọ gbogbo ihò náà dáadáa. Kí wọ́n mú ẹyọ kan tàbí méjì, kí síńgílẹ́ẹ̀tì gidi wà lábẹ́ rẹ̀. Gèlè tí wọ́n bá wé ní ìwérí òǹfẹ́, kí wọ́n wé e nínú gbọ̀ngàn, kì í ṣe ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Ní ti agbádá, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lórí afárá odò Thames lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ yóò mọ ohun tí ìgbokùn ọkọ̀ ń rí. Agbòjò olówó pọ́ọ́kú náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfẹ́sẹ́ kan ni atẹ́gùn á fi dojú rẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí jákẹ́ẹ̀tì tó ní fìlà fi sàn jù ú lọ.

Wọ́n á ní níbo ni àwọn ti fẹ́ rí jákẹ́ẹ̀tì òtútù n'Íkòròdú. Ọjà Sábó ńkọ́? Ẹ lọ sídìí àwọn olókìríkà. Ọ̀rọ̀ yìí ń pani lẹ́rìn-ín: ẹ̀wù tí òyìnbó wọ̀ títí tó sú u, tó gbé sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó gun orí òkun wá, ni ìyá àgbà ń ná lówó ní Sábó kó lè wọ̀ ọ́ padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀wù náà á kàn máa wò ni, á ní, "Àbí ẹ tún ń mú mi lọ sílé?" Kò burú rárá, ó dín náwó. Àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra fún kóòtù ńlá oníwúùlù tí olókìríkà á máa yìn. Ti oṣù kejìlá nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e ní oṣù keje, á jẹ ìdajì àpótí, á sì se ẹni tó wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wà nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ èyí tí wọ́n bá rà, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa.

Bàtà: èyí tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ lórí òkúta tútù, kó sì jẹ́ èyí tó ti mọ ẹsẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà tí yóò gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní fóònù, kó fọkàn balẹ̀, ẹnu wáyà oníke mẹ́ta tí à ń kì bọ ògiri níbí, òun náà ni wọ́n ń lò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ìjà wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ló fi ìwọ̀n báàgì kan sí kílò 23. Kílò 23 yìí, ṣé aṣọ ló máa gbé ni, àbí gààrì? Ọmọ ti pè láti Lọ́ńdọ̀nù: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èlùbọ́. Ẹ bá mi mú ẹ̀gúsí. Ẹja Ẹ̀pẹ́ yẹn ńkọ́, Màmá, ẹ má gbàgbé ẹja o!" Ta ni ìyá tí yóò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí kò ní mórí lé Olúwo? Ó ra àrọ̀ gbígbẹ, ó ra òbòkún, ó ra edé. Ó dé ilé, ó gbé báàgì sórí òṣùwọ̀n, ó di 29. Kí ni ẹ rò pé ó yọ kúrò? Súẹ́tà ló yọ. Ó yọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Sọ́mà ni mo ń lọ, àbí?" Ẹja wọ bàálù, aṣọ dúró sílé.

Ìfẹ́ ọmọ ló fà á, kò sẹ́ni tó lè bú ìyá sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ gan-an ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ọjà Peckham kún fún gààrì àti èlùbọ́, owó rẹ̀ ló kàn lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹja Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kó fún màmá ní iye kílò, kó má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Kí wọ́n sì rántí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ẹran gbígbẹ, ìbáà jẹ́ pọ̀nmọ́. Àwọn aṣọ́bodè á gbà á, wọ́n á sì dà á nù lójú ẹni tó ni ín. Ẹja ní tirẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà. Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn tó ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń dá: wọn kì í di jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà wíwúwo sínú báàgì, wọ́n máa ń wọ̀ wọ́n lọ ni. Òtútù inú bàálù fúnra rẹ̀ kì í ṣe kékeré, fún wákàtí mẹ́fà ó lé.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ báàgì ńlá láé, òògùn ni. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bàbá tó ní àtọ̀gbẹ, àpamọ́wọ́ ni òògùn wọn ń gbé, nínú páálí tó bá a wá, pẹ̀lú ìwé dọ́kítà tó kọ ọ́. Báàgì ńlá lè sọnù lọ́nà, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de báàgì. Kí òògùn náà tó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò, kó sì lé ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Nítorí kí ni? Nítorí pé ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe onílé. Lóòótọ́ wọ́n á tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà á wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tó ná iléèwòsàn ìjọba ní England ni wọ́n lè ní kó san. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru kó lè san owó ilé ni bíìlì náà máa já lé lórí. Súẹ́tà kan tí wọ́n yọ kúrò nítorí àrọ̀ méjì lè di ikọ́, kí ikọ́ di àìsàn àyà. Ooru náà ní tirẹ̀: bí wọ́n bá kéde pé ooru ń bọ̀, kí àgbàlagbà máa mu omi léraléra, kí wọ́n fa kọ́tìnnì bo fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n ṣí i lóru. Ẹni tó ń lo òògùn tó ń mú ni tọ̀, kó ti bi dọ́kítà rẹ̀ léèrè láti Ìkòròdú, kó tó di pé ó dé ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò tún nìyí. Físà àbẹ̀wò sábà máa ń gba èèyàn láyè títí dé oṣù mẹ́fà. Màmá ní oṣù méjì péré ni òun fẹ́ lò. Ó débẹ̀, ọmọ tuntun ń rẹ́rìn-ín sí i, ìyá ọmọ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ ń bẹ̀bẹ̀. Oṣù méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di márùn-ún. Ẹni tó dé ní oṣù keje wá bá ara rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá! Níbẹ̀, sọ́mà ti parí pátápátá. Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ni oòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ, kó yáa bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ láti ilé: bí mo bá kọjá oṣù kẹsàn-án lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa ra kóòtù fún mi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ sọ́mà pàápàá máa ń ya àlejò lẹ́nu. Láàárín òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Èkó bára mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá lù, tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn oṣù kẹfà ṣì wà lókè rébété ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án á fi kọjá bíi ogún ìṣẹ́jú. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ó ti tún yọ. Àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ tó bá lọ, kí wọ́n tètè gba ìwé àkókò ìrun ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò, torí ìrun Màgàríbà á di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ìṣáì á sì wọ òru lọ. Ìgbà tí Ramadan bọ́ sí oṣù kẹfà ní ọdún 2016, àwọn tó gba ààwẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbà á fún bíi wákàtí 18 lójúmọ́. Àgbàlagbà tí kò bá rí òkùnkùn kì í tètè sùn, aṣọ dúdú kékeré kan tí wọ́n lè fi bo ojú wúlò nínú báàgì ju bàtà kẹta lọ.

Ó ku ọ̀nà pápákọ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù òjò Lọ́ńdọ̀nù yìí, òjò ilé ló máa kọ́kọ́ dán wọn wò. Ará Ìkòròdú tó ń lọ sí Ìkẹjà, Mile 12 àti Kétu ni yóò gbà, bí òjò oṣù keje bá sì ti rọ̀ mọ́jú, kò sí awakọ̀ tó lè búra pé wákàtí báyìí ni òun máa dé. Lápá Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà náà, omi odò Ògùn lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé ní ọdún 2010. Ará Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀nà méjì, ó lè gba Ìtòìkín yọ sí Ìkòròdú, ó sì lè gba ti Lẹ́kkí. Kí ó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má ṣe tìtorí pé ọ̀nà kan dára lọ́sẹ̀ tó kọjá kó fi gbà á. Àwọn mìíràn tí bàálù wọn ń gbéra láàárọ̀ ti gbọ́n, ilé mọ̀lẹ́bí ní Ìkẹjà tàbí Ọjọ́ta ni wọ́n ń sùn mọ́jú. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024 tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Gatwick, ó yẹ kí èèyàn tún wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa pé pápákọ̀ wo ni wọ́n ń gbé òun lọ, kí ọmọ má lọ dúró sí Heathrow nígbà tí màmá wà ní Gatwick nínú òjò winniwinni.

Kí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù we báàgì kí wọ́n tó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Báàgì aláṣọ tí omi òjò Mile 12 bá rin, bó ṣe tutù náà ni yóò ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù, súẹ́tà inú rẹ̀ á sì ti di aṣọ tí wọ́n níláti kọ́kọ́ sá. Ẹni tó bá sì padà bọ̀ wálé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tó bá ọyẹ́ oṣù kìíní ní Ẹ̀pẹ́, kó má tíì fi súẹ́tà náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, á rí i lò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.